Ìwo Àgbò Alhaji Onípákó

Ẹ bá mi fa àpótí yẹn súnmọ́ ibí. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ohun tí ojú mi bá rí lẹnu mi ń sọ, ìdí tí ojú mi sì fi ń ríran ni pé ìdí ààrò ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń jókòó sí. Gbogbo ọ̀nà inú ilé wa ló pàdé níbẹ̀: ọ̀nà balùwẹ̀, ọ̀nà ibi ẹ̀rọ omi, ọ̀nà ìdí igi máńgòrò tí Alhaji Onípákó so àgbò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ hùwà kan nínú ilé yìí, iwájú ẹ̀wà tí mò ń ṣà ló máa gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ àgbò yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n oṣù ló ń ṣáájú àgbò, ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bọ̀.

Ní Ìdànrè tiwa yìí, òkè níwájú, òkè lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí oṣù tuntun lẹ́bàá ọ̀run, àfi kó gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ sí ìlú àtijọ́ lókè, níbi tí àwọn baba ńlá wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ta ló fẹ́ fi ẹnu ààwẹ̀ gùn ún? Bẹ́ẹ̀, oṣù ló ń pe ọdún Ìtunu Ààwẹ̀. Bí wọ́n bá rí i lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ọdún di ọ̀la. Bí wọn ò bá rí i, ààwẹ̀ á pé ọgbọ̀n. Etí rédíò la máa ń jókòó sí títí Súltánì Sókótó, Alhaji Muhammadu Sa'ad Abubakar, á fi là á fún gbogbo Nàìjíríà. Lọ́dún kan, Alhaja, ìyàwó Alhaji Onípákó, kánjú. Ó rẹ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín kóńgò mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní oṣù ò yọ. Ẹ̀wà tó ti wú, ta ni yóò dúró dè? Ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì làwa onígbàgbọ́ inú ilé jẹ mọ́ínmọ́ín náà, tí Alhaja pa ẹnu mọ́, tó ń ka iye ewé tí à ń tú. Títí di òní, bí mo bá kí i pé ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, á wò mí láti òkè délẹ̀.

Ààwẹ̀ yẹn náà ni kì í jẹ́ ká sùn. Ní òru, ṣáájú kí ìdájí tó là, àwọn ọmọ kéú á ti gbé agogo àti agolo, wọ́n á máa kọrin yíká àdúgbò pé kí àwọn onísààrì dìde. Mo bínú lọ́jọ́ kan, mo yọjú lójú fèrèsé láti bú wọn, ni mo bá rí i pé ẹsẹ̀ mi ń jó. Kò yà mí lẹ́nu. Inú wéré, orin táwọn ọmọ Mùsùlùmí fi ń jí èèyàn sí sààrì, ni Síkírù Àyìndé Bárístà ti yọ fújì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan lòun rí ní pápákọ̀ òfúrufú tóun fi mú orúkọ náà. Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ Yorùbá fẹ́ fi òkè sọ orin, ó fi Òkè Ìdànrè sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó lọ mú ti Japan! Ká ní ọ̀nà Àkúrẹ́ ló gbà lọ́jọ́ yẹn ni, ìdànrè ni gbogbo ayé ì bá máa jó lóde àríyá lónìí, àwa náà ì bá sì ti rí nǹkan gbà níbẹ̀.

Iléyá ò ní wàhálà oṣù tó bẹ́ẹ̀. Bí oṣù Háàjì bá ti yọ, ọjọ́ kẹwàá rẹ̀ ni Iléyá. Ọjọ́ kẹsàn-án làwọn tó lọ sí Mẹ́kà ń dúró ní Àráfà, tí àwọn tó wà nílé sì ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Èèyàn á ti ráyè wá owó, á ráyè rán aṣọ, á sì ráyè kó ara rẹ̀ sí ìjàngbọ̀n.

Onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú wa ní Ìdànrè, ilé wa náà sì rí bẹ́ẹ̀. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, èmi náà bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ kan wà ní yàrá iwájú. Mùsùlùmí ò ju ìdílé mẹ́ta lọ: Alhaji Onípákó, Àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, àti bọ̀dá Ẹ̀gbìrà kan tó ń bá wọn ro oko kòkó. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà Alhaja lọ́sẹ̀ Iléyá! Ẹni tí kò kí i láti ọjọ́ Kérésì á máa béèrè àlàáfíà orúnkún rẹ̀.

Àwọn tí kò mọ̀ máa ń bi mí pé kí ló dé tí Iléyá kì í dúró sójú kan. Ọdún tí wọ́n ń fi oṣù ojú ọ̀run kà, ó fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ti kàlẹ́ńdà. Ní ìlú oníkòkó bíi tiwa, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ní 2013, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni Iléyá bọ́ sí. Kòkó ń sá lójú títì, owó ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń yọwó àgbò lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni, ọjọ́ Jímọ̀, òjò ń rọ̀, kòkó tí wọn yóò ká lópin ọdún ò tíì gbó lórí igi. Lóòótọ́, kòkó gbówó lórí nígbà kan. Ní 2024, owó tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Àwọn kan fi kọ́lé, àwọn kan fi fẹ́yàwó kún ìyàwó. Ṣùgbọ́n owó kòkó ò mọ ìgbà tí wọ́n ń ta àgbò.

Alhaji Onípákó ò tilẹ̀ gbára lé kòkó, pákó ló ń tà. Lọ́dún 2025 yẹn, ó lọ sí Ṣàṣà l'Ákùúrẹ́, lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta ẹran, ó sì gbé àgbò kan bọ̀ lẹ́yìn mọ́tò. Ojú rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ funfun, ó ga dé ìbàdí mi, ìwo rẹ̀ méjèèjì ká yípo etí. Alhaji ní ₦350,000 lòun rà á. Awakọ̀ tó gbé wọn wálé ní ₦280,000 ni. Mi ò sí ńbẹ̀. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé awakọ̀ ò jèrè nǹkan kan bó bá purọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà là ń gbọ́ ti Mòrókò. Ọba wọn, Mohammed Kẹfà, ti ní kí àwọn ará ìlú má pa àgbò Iléyá ní 2025, torí ọ̀dá ti jẹ ẹran wọn run. Agbo ẹran wọn fi ìdá 38 nínú 100 dín sí èyí tí wọ́n kà ní 2016. Ọba ní òun fúnra òun á pa tòun lórúkọ gbogbo ìlú. Bàbá rẹ̀, Hassan Kejì, ti ní kí wọ́n má pa ẹran bẹ́ẹ̀ rí ní 1996. Nígbà tí Àfáà ka ìròyìn yìí sétí wa, gbogbo ilé dákẹ́. Àfi ọkọ mi tó béèrè pé àgbò kan ṣoṣo tí ọba pa fún orílẹ̀-èdè, ta ló jẹ itan ẹ̀?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ itan yẹn sọ́kàn. A máa padà débẹ̀.

Alhaji ní ọmọkùnrin kan tó wà ní poli. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, Alhaji wà nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ọmọ yìí tú àgbò, ó fà á gba iwájú mi kọjá. Mo ní, "Ó di ibo?" Ó ní, "Mo fẹ́ mú un lọ jẹ koríko ni, mà." Koríko kẹ̀? Èèpo iṣu kún iwájú àgbò yẹn dé orúnkún! Mi ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ariwo láti pápá ẹ̀yìn ilé. Mo bá gbé àtẹ ẹ̀wà mi sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ wòran o, dókítà ló ní kí n máa rìn dáadáa.

Àgbò alápatà ni wọ́n mú wá pàdé ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti ta tẹ́tẹ́ sí i. Àgbò méjèèjì fẹ̀yìn rìn, wọ́n dorí kodò, wọ́n sáré pàdé ara wọn: gbàù! Wọ́n tún fẹ̀yìn rìn: gbàù! Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohun tó dún kì í ṣe gbàù mọ́. Ó dún páù, bí igi gbígbẹ. Ìwo ọ̀tún àgbò wa ti kán láàárín, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn bọ̀ lójú rẹ̀. Gbogbo èrò tó wà ní pápá fọ́n ká, títí kan alápatà tó ni àgbò kejì. Ọmọ poli nìkan ló kù, òun àti àgbò, àti èmi tí mò ń ṣe eré ìdárayá mi.

Ó kúnlẹ̀ sójú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún Bàbá mi. Mo máa rí i dájú pé ọrùn àgbò yìí kàn yín." Mo ní èmi ò ní sọ fún bàbá rẹ̀. Mi ò sì sọ fún un. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù nìkan ni mo sọ fún, torí òun ló ni ilé.

Alhaji dé nírọ̀lẹ́, ó bá àgbò rẹ̀ tó wé gèlè. Ẹ̀ẹ́n, gèlè! Ọmọ yẹn ti fa àńkárá ìyá rẹ̀ ya, ó fi wé e lórí, ó ní eṣinṣin ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Alhaji tú u. Ariwo tó pa, wọ́n gbọ́ ọ ní Aládé lọ́hùn-ún. Kò tíì na ọmọ tán tó fi sáré lọ bá Àfáà, torí ohun tó ń já a láyà ju ìwo lọ: ṣé ẹran yìí ṣì ṣeé pa fún Iléyá?

Àfáà kì í kánjú. Ó kọ́kọ́ nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ẹran mẹ́rin ni Ànábì ní kò tọ́ láti pa: èyí tójú rẹ̀ kan fọ́ tó hàn gbangba, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn, èyí tó ń tiro, àti èyí tó gbẹ tí kò sí mùdùnmúdùn nínú egungun rẹ̀. Alhaji ní, "Ìwo ńkọ́?" Àfáà ní ìwo náà wà nínú ìwé. Ìlànà Màlíkì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé, ìwé Rísálà tí Ibn Abi Zayd kọ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn sì là á mọ́lẹ̀. Ẹran tí ìwo rẹ̀ kán, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń jáde lójú ibẹ̀, kò ṣeé pa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, ó ṣeé pa. Alhaji wo àgbò. Ẹ̀jẹ̀ ń kán tó, tó, tó sórí èèpo iṣu.

Ẹ wò ó, mo ti gbé nílé yìí pẹ́, mi ò rí ohun tó kó gbogbo ilé jọ bẹ́ẹ̀ rí. Kátólíìkì, Áńgílíkà, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ìwo. Pásítọ̀ nìkan ló ní òun ò lè fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo rí i lóru tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ wò ó.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ò bá wọn gbàdúrà. Ó wọ bàtà róbà, ó gba oko kòkó rẹ̀ lọ, ó já ewé Awólọ́wọ̀ bọ̀. Àwọn ará ibòmíràn ń pe ewé yẹn ní Akíntọ́lá. Níwájú Bàbá, ẹ má dán an wò. Ẹni tó bá ti roko kòkó rí ló mọ̀ ọ́n. Bí àdá bá ṣá ni lẹ́sẹ̀, a ó fọwọ́ ra á títí omi rẹ̀ á fi jáde, a ó fún un sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Bàbá fún un sójú ìwo náà. Ó ta àgbò, àgbò tọ sókè, ó fi ìwo tó kù gbá Bàbá nítan. Bàbá, tí kò ṣépè láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í joyè Bàbá Ìjọ, sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ yẹn tí mi ò lè tún sọ níwájú yín. Nígbà tó dìde, ó ń tiro, ó nàka sí àgbò, ó ní, "O jẹ mí ní itan." Alhaji ní, "Bàbá, itan ọ̀tún tiyín ni, mo ṣèlérí." Gbogbo wa gbọ́.

Láti alẹ́ yẹn, ìdí máńgòrò di ibi ìpàdé. À ń ṣọ́ ìwo, à ń tàkúrọ̀sọ. Àbúrò Alhaji tó ń ṣòwò ní Dakar ti wálé wá ṣọdún, òun ló ń fún wa ní ìròyìn ayé. Ó ní ní Sẹ̀nẹ̀gàlì, Tàbáskí ni wọ́n ń pe Iléyá, àgbò tí wọ́n sì ń pa pọ̀ débi pé ti ilé ò tó wọn, wọ́n ń kó o wá láti Málì àti Mauritania. Ó ní irú àgbò kan wà ńbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ladoum, owó ẹ̀ ra mọ́tò, wọ́n máa ń wẹ̀ fún un. Alhaja wo àgbò tiwa tó wé gèlè, kò sọ nǹkan kan. Àbúrò Alhaji ní bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọdún, àwọn ọmọdé á wọ aṣọ ọdún, wọ́n á máa lọ láti ilé dé ilé láti gba owó ọdún, wọ́n ń pè é ní ndewenal. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé lọ́hùn-ún, Mùsùlùmí ló pọ̀, onígbàgbọ́ ni kò pọ̀, òdìkejì tiwa. Bí Mùsùlùmí bá ti pa àgbò, ẹran gbọ́dọ̀ dé ilé aládùúgbò tó jẹ́ onígbàgbọ́. Bó bá wá di ìgbà Àjíǹde, onígbàgbọ́ náà á po ngalax, jéró wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti èso igi oṣè sí, á bù ú kiri ilé Mùsùlùmí. Mo ní, "Ìyẹn ni pé bí onígbàgbọ́ ò bá po ngalax?" Ó ní, "Wọ́n á ti mọ ẹni tó jẹ ẹran tí kò san án padà." Mo wo yàrá Pásítọ̀. Láti ọdún tó ti ń jẹ ẹran Alhaja, ìrẹsì Kérésì rẹ̀ kò tíì dé ẹ̀yìnkùlé wa.

Ọmọ mi náà máa ń fi fídíò hàn mí lórí fóònù. Ní Indonéṣíà, ọdún Ìtunu ni wọ́n ń fi lọ sílé, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn á kúrò ní Jakarta lọ sí abúlé wọn, títì á dí pa. Wọ́n máa ń se ìrẹsì nínú imọ̀ àgbọn tí wọ́n hun. Ìjọba ibẹ̀ fi òfin dè é pé ọ̀gá níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó ọdún fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ méje kí ọdún tó dé, ẹni tó bá ti lo ọdún kan níbẹ̀ á gba odindi owó oṣù kan. Mo ka ìyẹn sétí Alhaji Onípákó níwájú àwọn ọmọ tó ń bá a gbé pákó. Ó ní kí n lọ kó ẹ̀wà mi, òjò ń bọ̀.

Ti àwọn ará Tọ́kì ò gùn. Ọmọdé á fẹnu ko àgbàlagbà lọ́wọ́, á fi ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní súìtì tàbí owó. Ọmọ tiwa náà ń kúnlẹ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára àpò rẹ. Ọmọ poli yẹn kí mi ní ìgbà mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Àfáà dé. Ó ní kí wọ́n di àgbò mú. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó já òwú funfun kan láti inú ọ̀rá, ó fi nu ojú ìwo náà yípo, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo wa mí sínú. Ó gbé òwú sókè sí iná: ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ẹ pọ́n ọ̀bẹ yín." Ẹni tó kọ́kọ́ kígbe Halelúyà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ni yàrá iwájú.

Ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Wọn ò fi nǹkan kan kan ẹnu kí wọ́n tó lọ sí yídì, ẹ̀dọ̀ àgbò ni wọ́n fẹ́ fi ṣínu. Wọ́n jáde pẹ̀lú léèsì, jàlábíà àti fìlà, wọ́n ń ké kábàrà lọ lójú ọ̀nà. Ọ̀nà tí wọ́n bá gbà lọ kọ́ ni wọ́n ń gbà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ṣe máa ń ṣe, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí àwa tó wà lọ́nà méjèèjì la rí aṣọ. Lèmọ́mù kọ́kọ́ pa tirẹ̀, lẹ́yìn náà làwọn yòókù wálé wá pa tiwọn.

Ọmọbìnrin Alhaja tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè lórí fídíò. Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa àgbò sẹ́yìnkùlé. Ilé ìpẹran tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń pa á, èèyàn á sanwó fún alápatà, ẹran á wá délé nígbà tó bá wù ú. Mọ́sáláṣí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Old Kent Road ló ti ń bọ̀. Alhaja gbé fóònù kọjú sí àgbò, ọmọ náà bú sẹ́kún. A rò pé àárò ilé ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i síbi ẹ̀dọ̀."

Wọ́n ti pa á, wọ́n ti bó o, ó kan pípín. Ìdá mẹ́ta ni Àfáà ní kí wọ́n dá a sí: ti ilé, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, ti aláìní. Alhaja tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máńgòrò, ó ń kó o ní ìṣù-ìṣù, ó ń fi ojú wọ̀n ọ́n, á yọ egungun ìhà kan níhìn-ín, á fi kún tọ̀hún. Ọmọ poli ló ń fọ ṣàkì, òun nìkan, bàbá rẹ̀ ló dá a lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Alhaja di itan ọ̀tún sínú ọ̀rá dúdú, ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kékeré, ó ní, "Gbé èyí fún Bàbá." Ó tún di ṣàkì àti fùkù díẹ̀, ó ní, "Gbé èyí fún Pásítọ̀." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Pásítọ̀ yìí, kí ni ọmọ ọdún mẹ́rin ń pè é? "Bàbá Pásítọ̀" ni. Lánlọ́ọ̀dù ńkọ́? "Bàbá Lánlọ́ọ̀dù" ni. Mo rí ọmọ náà tó yà sí yàrá iwájú pẹ̀lú ọ̀rá tó wúwo jù ú lọ. Ṣé kí n pè é ni? Ọrùn tèmi wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, mo ń wá ibi tí mo máa gbé e sí.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù tú ọ̀rá tirẹ̀, ó bá ṣàkì. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn tiro wọlé. Ní Sátidé, a jí, omi ò yọ lẹ́rọ. Wọ́n lọ bá Bàbá, ó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó fa omi lálẹ́ àná! Gbogbo ilé gbé korobá, a lọ ń tọrọ omi káàkiri, nínú ọdún, pẹ̀lú làálì lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù náà, làṣírí tú. Ọmọ mi ti tan fóònù, a ń wo Ọjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹ ò rí ẹṣin, ẹ ò rí aṣọ ẹgbẹ́jọdá! Òun ló kẹ́yìn nígbà ayé Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, ọjọ́ 13 oṣù Keje ni wọ́n wàjà. Mo ní kí ló dé tí àwa ò ní irú ẹ̀ ní Ìdànrè, ọkọ mi ní kí n mú ẹṣin gun àtẹ̀gùn òkè wò. Ó sì dùn mí o. Eré ẹṣin Kánò tí wọ́n ń fi ọdún ṣe, UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní oṣù Kejìlá 2024. Òkè wa, láti 2007 ló ti wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró. Mo mọ̀ pé ìwé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹnì kankan má wulẹ̀ tọ́ mi sọ́nà.

Bí mo ṣe ń sọ ìyẹn lọ́wọ́ ni mo gbọ́ gbohùngbohùn Pásítọ̀ láti yàrá iwájú. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Ó ń jẹ́rìí. Ó ní ní ọjọ́ Ẹtì, Ẹ̀mí ti ọwọ́ ẹni tí òun ò fojú sí, odindi itan àgbò kan wọlé tọ òun wá. Ìjọ pariwo Àmín. Láti òdìkejì ọgbà, mo gbọ́ ohùn kan tí kì í ṣe Àmín.

Kí n má fa á gùn. Alhaji dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó gbé odindi apá àgbò láti inú fìríìjì wá. Ìyàwó Pásítọ̀ fi abọ́ onídèérí gbé ohun tó kù nínú itan wá, ó ti dín in, ata ti wà lórí rẹ̀. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù tọ́ ọ wò. Ó ní kò burú. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ ti gbádùn fúnra rẹ̀. Bó sì ṣe di Kérésì, Pásítọ̀ gbé ìrẹsì kúlà ńlá wá fún Alhaja, ọ̀sán gangan, ó gba ẹ̀yìnkùlé kí n lè rí i.

Ilé ti wá ní òfin báyìí, wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Àgbò kankan ò gbọdọ̀ kan òmíràn ní àyíká ilé yìí títí wọ́n á fi pa á. Ẹni tó bá tẹ òfin yìí lójú, ₦20,000 ni owó ìtanràn rẹ̀, wọ́n á sì yọ itan rẹ̀ fún Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Itan àgbò ni o.